Gíláàsì Kọkànlélógójì

Àlùbọ́sà la fi bẹ̀rẹ̀.
Àlùbọ́sà funfun méjìlá láti ọjà Encarnación,
a gbé ìdí wọn lé ẹnu ife,
omi lásán fún mẹ́fà,
mẹ́fà yòókù, omi tí a po apakoríko mọ́,
díẹ̀ báyìí,
ìwọ̀n tí òjò lè gbá wọ kànga ìyá mi.
Ní ọjọ́ kẹta, gbòǹgbò ti àkọ́kọ́ gùn bí irùngbọ̀n òbúkọ,
ti èkejì kúrú, ó pọ́n ní ṣóńṣó.
Mo lanu. Dókítà Zunilda ní,
"Librada, pa ẹnu dé ná.
Àlùbọ́sà kì í ṣe ọmọ ènìyàn."

Ni a bá lọ gba ẹ̀jẹ̀.
Ọgbọ̀n ènìyàn láti Potrero Yvaty,
níbi tí ẹ̀wà sóyà ti gbìn dé ẹnu ọ̀nà ilé ìwé,
ọgbọ̀n láti ìlú,
níbi tí koríko ń bẹ nínú ìkòkò òdòdó nìkan.
A fi nọ́ńbà bo orúkọ
kí ojú mi má baà ṣe ojúsàájú.

Ẹ̀fọn ni wọ́n ń pe ẹ̀rọ tó ń fọ́n oògùn náà lọ́dọ̀ wa,
nítorí apá gbọọrọ tó nà síhìn-ín sọ́hùn-ún.
Herminio ẹ̀gbọ́n mi ń wa ọ̀kan.
"Ẹ̀fọn tèmi kì í mu ẹ̀jẹ̀," a máa wí, a bú sẹ́rìn-ín.
Lóòótọ́, èmi ni mo mú abẹ́rẹ́ wá.

Ẹgbẹ̀rún sẹ́ẹ̀lì lórí gíláàsì kọ̀ọ̀kan.
Sẹ́ẹ̀lì tó pé ní òṣùpá kan láàárín.
Ṣùgbọ́n bí kúrómósóòmù bá já,
okùn tí ìyá ìyá mi so mọ́ ìyá mi,
tí ìyá mi so mọ́ mi,
èyí tó já kò ní rí ilé wọ̀.
Á ká jọ sí ẹ̀gbẹ́ kan, á di òṣùpá kékeré,
bí ọmọ tí wọ́n gbàgbé sí ibùdókọ̀.
Okùn kì í pariwo nígbà tó bá ń já.
Kíkà là ń kà á kí a tó mọ̀.

Gíláàsì kọkànlélógójì, òru Ọjọ́bọ̀.
Ọ̀kan. Èjì.
Mo mu téréré tútù, mo padà.
Ẹ̀fà.
Ohun tó ń bẹ lẹ́yìn ẹ̀fà, ó ju èje lọ:
mọ́kàndínlógún ni mo kà,
mo tún un kà, mọ́kàndínlógún.

Nígbà tí a tú àpò orúkọ,
Herminio ní mẹ́rin péré.
Inú yàrá onígíláàsì ló ń jókòó, fèrèsé ní títì.
Kọkànlélógójì, èmi ni.
Èmi tí wọ́n kà mọ́ ará ìlú.
"Ṣé o máa ń lọ sílé?" Zunilda bi mí.
Gbogbo ọjọ́ Àìkú. Mo máa ń bá ìyá mi ká aṣọ lórí okùn,
aṣọ ibùsùn tó ń rùn bí ike jíjó.
Ó mú bírò, ó fa ilà lé mi lórí.
N kì í ṣe ti ìhín, n kì í ṣe ti ọ̀hún.
Ó ku mọ́kàndínlọ́gọ́ta.

A kó àbájáde lọ sí ilé ìwé Potrero Yvaty.
Don Fulgencio dìde, fìlà lọ́wọ́:
"Bẹ́ẹ̀ ni, àbí bẹ́ẹ̀ kọ́?"
Zunilda ní, "Ó jọ bẹ́ẹ̀. A ó tún kà."
Ọkùnrin náà wo ojú fèrèsé,
Ẹ̀fọn ń yí padà ní ìpẹ̀kun oko.
"Ó jọ bẹ́ẹ̀," ó ní, bí ẹni ń tọ́ iyọ̀ wò.

A ti ra àlùbọ́sà méjìlá mìíràn.
Mẹ́fà tó mu omi lásán, mo kó wọn lọ sílé lọ́jọ́ Àìkú,
mo ní kí ìyá mi fi wọ́n se ọbẹ̀.
Ó yẹ̀ wọ́n wò, ó yin gbòǹgbò wọn,
ó sì fa omi láti inú kànga,
ó fọ̀ wọ́n.